VA Kọ Kíléèmù Yín: Supplemental Claim, Higher-Level Review, àbí Ọ̀dọ̀ Adájọ́?

Ẹ má tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan. Ẹ kọ́kọ́ mú lẹ́tà tí VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe sójà, fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ wá ojú ewé tí wọ́n kọ ìdí tí wọn ò fi fọwọ́ sí kíléèmù owó àìlera yín sí. Gbólóhùn kan tàbí méjì péré ló sábà máa ń jẹ́, àmọ́ òun ni yóò sọ ọ̀nà tó yẹ kẹ́ ẹ gbà. Ẹ má tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ tó ní, "Higher-Level Review lèmi ṣe, kò pẹ́ tí wọ́n fi dá mi lóhùn." Ìdí tí wọ́n fi kọ tiẹ̀ lè má jọ ìdí tí wọ́n fi kọ tiyín rárá.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti ṣe sójà ní Amẹ́ríkà ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti ìyàwó, ọkọ àti ọmọ tó ń bá wọn ka lẹ́tà. Wọ́n pọ̀. Láàárín ọdún 2008 sí 2016, ètò kan wà tó ń jẹ́ MAVNI, tó gba àwọn àlejò tí kò tíì ní gíríìn káàdì láàyè láti wọṣẹ́ ológun, kí wọ́n sì tibẹ̀ di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀ báyìí. Orúnkún ń ro wọ́n, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, etí wọn ń hó, wọn ò rí oorun sùn. Wọ́n béèrè owó àìlera tó tọ́ sí wọn lábẹ́ òfin, wọ́n gba lẹ́tà "rárá", wọ́n sì jù ú sínú àpótí. Ó máa ń dùn mí wọra tí mo bá gbọ́ irú ẹ̀, torí láti ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2019 tí òfin tuntun lórí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà yẹn.

Ààrò wo ló yẹ̀?

Kí VA tó gbà pé àìsàn kan ti ẹnu iṣẹ́ ológun wá, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò. Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù, àmọ́ bí ẹyọ kan bá yẹ̀ nínú wọn, ọbẹ̀ ti dà nìyẹn. Àkọ́kọ́ ni pé kí dókítà ti sọ pé àìsàn náà wà lára yín lónìí. Ìkejì ni pé kí nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́: ẹ ṣubú, ìbọn ń dún sí yín létí lójoojúmọ́, ẹ gbé ẹrù tó ju agbára lọ, ẹ fa èéfín símú. Ìkẹta ni okùn tó so ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn mọ́ àìsàn yìí. Nexus ni wọ́n ń pè é. Nínú àwọn lẹ́tà tí mo ti bá èèyàn kà, òun ló ń yẹ̀ jù.

Nínú lẹ́tà kan náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Favorable Findings sí. Àwọn èèyàn máa ń fojú fò ó, bẹ́ẹ̀ owó wà níbẹ̀. Ohun tí VA ti gbà fún yín ni wọ́n tò síbẹ̀, ẹni tó bá sì tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn wọn kò lè sọ pé òun ò gbà á mọ́, àfi tí àṣìṣe tó hàn gbangba bá wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé orúnkún ń dùn yín lóòótọ́, pé ẹ sì ṣubú ní 2014 lóòótọ́, ààrò méjì ti dúró nìyẹn. Ẹ má tún fi agbára ṣòfò lórí wọn.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀: òfin ò ní kẹ́ ẹ mú ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì kankan wá. Bí ẹ̀rí tó gbè yín àti èyí tó takò yín bá dọ́gba lórí òṣùwọ̀n, ẹ̀yin lẹ jàre.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Supplemental Claim wà fún ẹni tó ní ẹ̀rí tuntun lọ́wọ́. Higher-Level Review, tí gbogbo èèyàn ń pè ní HLR, wà fún ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ ti pé sínú fáìlì tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì ṣì í kà tàbí tí wọ́n fò ó. Board Appeal wà fún ẹni tó fẹ́ kí adájọ́ dá sí i. Nọ́ńbà fọ́ọ̀mù wọn ni 20-0995, 20-0996 àti 10182, bí mo ṣe tò wọ́n yẹn, kò sì sí èyí tí wọ́n ń gba kọ́bọ̀ lé lórí. Ọjọ́ 125 ni VA fi ṣe àfojúsùn fún méjì àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ adájọ́, ọjọ́ 365 ni èyí tó yá jù, ó sì lè di 730.

Ẹ ò lè gbé àìsàn kan gba ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ bí lẹ́tà kan bá kọ orúnkún àti etí pọ̀, ẹ lè gbé orúnkún lọ síbì kan, kẹ́ ẹ gbé etí lọ síbòmíràn. Kì í sì í ṣe "rárá" nìkan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà fún. Tí wọ́n bá gbà fún yín ṣùgbọ́n tí ìdá (%) tí wọ́n fi díwọ̀n àìlera yín kéré, tàbí tí ọjọ́ tí owó bẹ̀rẹ̀ kò tọ́, ọ̀nà kan náà ni.

Supplemental Claim: nígbà tí ẹ̀rí ò tó

Ẹ̀rí tuntun ni ohun tí VA ò ní lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dájọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ kan ibi tí ààrò ti yẹ̀. Ká ní torí okùn ni wọ́n ṣe kọ̀ yín, tí ẹ wá kó igba ojú ewé láti ilé ìwòsàn lọ tó ń sọ pé orúnkún ń dùn yín, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ó ń dùn yín.

Ohun tó ń so okùn ni lẹ́tà dókítà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Dókítà tó bá kọ ọ́ pé "it could be related" ti dá yín lóhùn tán lójú ara rẹ̀, àmọ́ lójú VA ìméfò lásán ni. Gbólóhùn tí wọ́n ń wá ni "at least as likely as not", ìyẹn ni pé ó kéré tán, bó ṣe ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Kí dókítà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kó sọ pé òun ti ka ìwé ìtọ́jú yín láti ìgbà iṣẹ́ ológun, kó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀: bí ẹ ṣe ṣubú, ibi tó ti dùn yín lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń burú sí i láti ìgbà náà. Lẹ́tà ojú ewé kan tó ní ìdí nínú sàn ju mẹ́wàá tí kò ní lọ.

Ará ilé náà lè jẹ́rìí, fọ́ọ̀mù 21-10210 ni wọ́n ń lò fún un. Ìyàwó ò lè sọ pé sleep apnea, àìsàn tí èémí fi ń dá lójú oorun, ló ń ṣe ọkọ òun, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Àmọ́ ó lè sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: "Láti ọdún 2015 tó ti dé, ó máa ń hanrun títí èémí rẹ̀ á fi dá. Màá ka ẹ̀ẹ́kan, màá ka ẹ̀ẹ́jì, títí dé mẹ́jọ, kí n tó gbọ̀n ọ́n kó tó tún mí." Kò sí dókítà tó lè kọ irú ẹ̀rí yẹn, torí kò sí dókítà tó ń bá a sùn. Ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ wà ní yunífọ́ọ̀mù náà lè sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣubú lójú rẹ̀, pàápàá bí ẹ ò bá lọ sí kíríníìkì lọ́jọ́ náà torí ẹ ò fẹ́ kí ọ̀gá rí yín bí ọ̀lẹ.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fi Supplemental Claim sílẹ̀, VA lè tún ní kẹ́ ẹ wá fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní C&P. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tí wọ́n bá bi wá pé báwo ni ara, "A dúpẹ́" ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa, bí ẹsẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ já kúrò lára. Ilé ire la ti kọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín láàárín ara wa. Àmọ́ nínú yàrá àyẹ̀wò yẹn, "I'm fine, thank God" tẹ́ ẹ sọ lẹ́nu ọ̀nà lè di ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé aláìsàn ní ara òun yá. Ẹ sọ bó ṣe rí lọ́jọ́ tó bá burú. "Mo máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gun àtẹ̀gùn ilé mi tán. Mi ò lè kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́. Nígbà tí mo lọ sílé, mi ò lè dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi, àga ni mo dì mú." Ẹ má fi nǹkan kan kún un, ẹ má sì yọ nǹkan kan kúrò. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ká orúnkún, ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn, ẹ má di eyín pinpin kọjá ibẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú ọ̀gá sójà.

Òfin tó bá yí padà náà tó láti gbé Supplemental Claim dìde. PACT Act tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2022 fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ààrò kẹta kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Iraq, Afghanistan àti agbègbè wọn, níbi tí wọ́n ti ń sun pàǹtírí nínú kòtò gbangba. Ikọ́ fée tí dókítà rí lẹ́yìn iṣẹ́ ológun wà lára àwọn àìsàn tí wọ́n kà, imú tó ń dí láìsinmi wà níbẹ̀, àwọn oríṣi jẹjẹrẹ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n bá kọ tiẹ̀ ṣáájú 2022 lórí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jókòó sílé.

HLR: nígbà tí ẹ̀rí ti pé, tí ojú ló fò ó

Níbí, àgbà òṣìṣẹ́ kan tí kò sí nídìí ìdájọ́ àkọ́kọ́ ni yóò tún fáìlì yín kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè rí àṣìṣe, tàbí kí èrò tiẹ̀ kàn yàtọ̀ sí ti ẹni àkọ́kọ́, ó sì lè tìtorí ìyẹn nìkan fún yín. Ṣùgbọ́n kò ní gba bébà tuntun kankan. Ohun tó wà nínú fáìlì lọ́jọ́ tí wọ́n dájọ́ nìkan ló máa wò. Ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín òun àti Supplemental nìyẹn, òun sì ni àwọn èèyàn ń gbàgbé. Lójú mi, HLR ni ọ̀nà tí wọ́n ń ṣì yàn jù lọ, torí fọ́ọ̀mù rẹ̀ kúrú, kò sì gba pé kéèyàn kó ìwé jọ. Ẹni tí okùn rẹ̀ já tó wá gba HLR, okùn tó já yẹn náà ni wọ́n máa tún bá níbẹ̀.

Ìgbà wo ló wá yẹ? Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Nínú ìwé ìdíwọ̀n VA, orúnkún tí kò lè ká kọjá ìwọ̀n (degree) 45 ń gba 10%, èyí tí kò lè ká kọjá 30 ń gba 20%. Ká ní dókítà C&P kọ 30 sílẹ̀, tí lẹ́tà wá fún yín ní 10%. Ẹ ò nílò ẹ̀rí tuntun, ẹni tó máa ka èyí tó wà ńlẹ̀ lẹ nílò. Bákan náà ni bí lẹ́tà dókítà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kò bá sí nínú àkójọ ẹ̀rí tí wọ́n ní àwọn kà, tàbí bí ẹni tó ṣe àyẹ̀wò C&P kò bá mẹ́nu kan ìṣubú 2014 rárá. Lórí ti ìkẹyìn yìí, àgbà òṣìṣẹ́ lè dá a padà kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe, torí ojúṣe VA ni láti ṣe àyẹ̀wò tó pé.

Lórí fọ́ọ̀mù náà, ẹ lè ní kẹ́ ẹ bá àgbà òṣìṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan. Informal conference ni orúkọ rẹ̀, aṣojú yín sì lè bá yín sọ ọ́. Ó lè fi kún ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dúró, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dá yín lójú, ẹ gbà á. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ròyìn ìyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ kọ kókó méjì tàbí mẹ́ta sí bébà kan, kẹ́ ẹ kọ ojú ewé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, nínú àyẹ̀wò oṣù Kẹfà 2022, ojú ewé 4, 30 ni dókítà kọ. Nínú lẹ́tà ìdájọ́, ojú ewé 3, 10% lẹ fún mi." Ó tán. Kẹ́ ẹ tó lè sọ ojú ewé, ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà fáìlì yín lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù 20-10206 ni wọ́n fi ń béèrè fún un, ẹ tètè béèrè, torí ó máa ń pẹ́ dé.

Ẹ ò lè ṣe HLR lórí HLR, ẹ ò sì lè ṣe é lórí ìdájọ́ tí adájọ́ ti dá. Supplemental ò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹ̀rí tuntun bá dé, ẹ lè padà wá.

Ọ̀dọ̀ adájọ́

Board Appeal ní ìlà mẹ́ta. Ìlà tààrà: adájọ́ ka ohun tó wà nílẹ̀, ọjọ́ 365 ni àfojúsùn. Ìlà ẹ̀rí: ẹ ní ọjọ́ 90 láti fi ìwé tuntun kún un lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù yín bá dé, ọjọ́ 550. Ìlà ìpẹ̀jọ́: ẹ ó bá adájọ́ sọ̀rọ̀ fúnra yín, ẹ sì ní ọjọ́ 90 lẹ́yìn rẹ̀ láti fi ìwé kún un, ọjọ́ 730. Ìpẹ̀jọ́ yẹn ṣeé ṣe láti ilé yín lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ti pé ọdún 75, tàbí tí àìsàn ńlá tàbí ìṣòro owó bá dé bá, lè ní kí wọ́n gbé tiẹ̀ síwájú.

Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí bébà kan bá lè yanjú ọ̀rọ̀ náà ní oṣù mélòó kan. Àmọ́ irú ẹjọ́ méjì kan wà tó jẹ́ ibẹ̀ ló yẹ. Àkọ́kọ́ ni ibi tí àríyànjiyàn ti jẹ́ lórí ìtumọ̀ òfin. Ìkejì ni ibi tó ti jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan lẹ̀rí, tí wọn ò sì gbà yín gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru tí ẹnì kankan ò kọ sílẹ̀ nílò adájọ́ tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí.

Bí adájọ́ náà bá ní rárá, ẹ ní ọjọ́ 120 láti lọ sí Court of Appeals for Veterans Claims, ilé ẹjọ́ tí kò sí lábẹ́ VA. Tàbí kẹ́ ẹ padà sí Supplemental Claim láàárín ọdún kan.

Ọdún kan yẹn

Láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà "rárá", ọdún kan lẹ ní láti gbé ìgbésẹ̀ kí ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè má bàa bọ́ lọ́wọ́ yín. Ká ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2022 lẹ fi kíléèmù sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 2023 sórí lẹ́tà "rárá". Tẹ́ ẹ bá fi Supplemental sílẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá 2023, tí wọ́n gbà fún yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè ni wọ́n máa padà sí, owó àjẹsílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹrin 2022. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2024 lẹ tó fi sílẹ̀, ọdún méjì gbáko ti lọ, bẹ́ẹ̀ àìsàn kan náà ni, ẹ̀rí kan náà ni. Supplemental á ṣì gbà yín wọlé lẹ́yìn ọdún kan, àmọ́ ilẹ̀kùn HLR àti ti adájọ́ ti tì.

Ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí i. Ẹni tó ti kó padà sí Ìbàdàn tí lẹ́tà rẹ̀ ṣì ń bọ́ sí ilé àbúrò ní Houston, kó tètè yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà lọ́dọ̀ VA. Gbígbé ní Nàìjíríà kì í dá owó àìlera dúró. Ètò Foreign Medical Program sì máa ń san owó ìtọ́jú àìsàn tí wọ́n bá ti gbà pé ó ti ẹnu iṣẹ́ ológun wá.

Ta ló máa ràn yín lọ́wọ́?

Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ àwọn sójà àtijọ́ bíi DAV, American Legion àti VFW kì í gba owó. Lọ́yà lè gba owó lẹ́yìn ìdájọ́ àkọ́kọ́ nìkan: 20% nínú àjẹsílẹ̀ lòfin kà sí ohun tó bójú mu, ohun tó bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ ni wọ́n kà sí àṣejù. Fún ẹjọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ adájọ́, mo rò pé lọ́yà tó mọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Fún Supplemental tó kù lẹ́tà dókítà kan, ẹ lọ bá àwọn tí kì í gba owó. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san òun lówó láti kọ kíléèmù àkọ́kọ́, òfin ò gbà á láyè. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú àkójọ àwọn tí VA fọwọ́ sí kẹ́ ẹ tó bu ọwọ́ lu ohunkóhun.

Ẹ fi ibi tí ìwé yín wà han ìyàwó tàbí ọkọ yín. Bí ẹni tó ń ṣe ẹjọ́ bá kú kí wọ́n tó dájọ́, opó lè dúró sí ipò rẹ̀ kó máa bá ẹjọ́ náà lọ, owó àjẹsílẹ̀ á sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù 21P-0847 ni, ọdún kan péré ló sì ní láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú.